Bí ẹ ṣe máa lọ sí Tapkeshwar, ilé Shiva inú àpáta lẹ́bàá odò ní Dehradun

Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn lọ sí Delhi rí mọ̀ pé ọjọ́ máa ń ṣẹ́kù níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ti parí, dókítà ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ wá jókòó sí yàrá háyà, ẹ ń wo ògiri. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni èmi fi mọ Tapkeshwar. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kàwé ní Dehradun, olú ìlú ìpínlẹ̀ Uttarakhand, lẹ́sẹ̀ òkè Himalaya. Ó ní kí n wá fi ọjọ́ méjì simi lọ́dọ̀ òun, pé òun á mú mi lọ síbi tí àpáta ti ń sọ̀ omi lé òkúta Shiva lórí, ìyẹn òkúta tó dúró fún Shiva, ọ̀kan lára àwọn òrìṣà ńlá àwọn Híńdù.

Orúkọ ibẹ̀ gan-an ló sọ ọ́. Nínú èdè Híńdì, “tapak” ni kí omi máa kán tó, tó, tó. “Ishwar” ni Olúwa. Olúwa tí omi ń kán lé lórí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé inú ihò yìí ni Drona gbé láyé àtijọ́, ọ̀gá tafàtafà tó kọ́ àwọn ọmọ ọba ní ogun jíjà. Tálákà ni, kò lówó màlúù. Ọmọ rẹ̀, Ashwatthama, ń sunkún wàrà, bàbá ò rí i rà. Ọmọ náà bá yíjú sí Shiva, ó bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti òkè ihò. Wọ́n ní nígbà tí ayé bàjẹ́ ni wàrà náà di omi. Omi yẹn ló ṣì ń kán dòní.

Mo ti rí àwọn ọmọ wa tó lọ síbẹ̀ bí ẹni lọ sí páákì, tí wọ́n padà dé tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ bí mo ṣe rò pé ó yẹ kéèyàn lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé àti owó

Ẹ gba físà yín tán ná. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni yẹ́lò káàdì. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà, Benin tàbí Tógò bọ̀ gbọ́dọ̀ mú un lọ́wọ́ dé pápákọ̀ òfurufú Íńdíà, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, wọ́n lè dá a dúró síbi ìyàsọ́tọ̀ fún ọjọ́ 6. Ẹ gba abẹ́rẹ́ o, ẹ má kàn ra káàdì.

Tí ẹ bá dé Dehradun, hòtẹ́ẹ̀lì tó gbà yín gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti pásípọ́ọ̀tù yín ránṣẹ́ sí ìjọba lórí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Form C. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan ò fẹ́ wàhálà yẹn, wọ́n á ní yàrá ti kún. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ọmọ yín lẹ fẹ́ sùn, ẹni tó ni ilé náà gbọ́dọ̀ ṣe fọ́ọ̀mù ọ̀hún pẹ̀lú.

Owó wá ńkọ́? Àwọn ará Íńdíà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná owó bébà mọ́, títí dórí ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá títì, fóònù ni wọ́n fi ń gbowó. Kò rọrùn fún àlejò tí kò ní àkáǹtì níbẹ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣẹ́ owó yín sí rúpì 10, 20 àti 50 láti ìlú, torí kò sẹ́ni tó máa ní ṣéńjì 500 fún yín lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì.

Odò ló ń sọ ìgbà tí ẹ máa lọ

Odò tó ń ṣàn níwájú ihò náà ń jẹ́ Tons. Tamsa ni ọ̀pọ̀ àwọn olùsìn ń pè é. (Tons mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà tó tóbi ju èyí lọ fíìfíì, kí máàpù fóònù má baà ṣì yín lọ́nà.) Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ò ní kà á kún. Omi tín-ínrín kan tó ń gba àárín òkúta funfun kọjá, àwọn ọmọdé ń ta á síra wọn lára. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ á máa ṣe kàyéfì ìdí tí wọ́n fi gbé afárá àti ògiri ńlá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láti ìparí oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 16 September 2025, òjò ńlá rọ̀ sí Dehradun mọ́jú, odò náà sì wọ tẹ́ḿpìlì. Ó bo àgbàlá, ó wọ inú ihò tí òkúta Shiva wà, ó kó iyanrìn àti pàǹtírí dà síbẹ̀ kó tó fà. Ohun tó sì ń tan àlejò jẹ ni pé òjò lè má rọ̀ níbi tí ẹ wà rárá. Orí òkè lọ́hùn-ún ló ti rọ̀, oòrùn ń ràn lórí yín, omi á sì dé bá yín lójijì. Bí ẹ bá rí i pé omi odò tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ń pọ́n, tó ń gbé ewé àti igi kéékèèké bọ̀, ẹ gun àtẹ̀gùn padà sókè lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró ya fọ́tò rẹ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ lọ láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, tàbí oṣù kejì sí ìkẹrin. Oṣù kejìlá àti ìkínní náà dáa, àmọ́ òtútù ibẹ̀ ò mọ ẹni tó ti Ìbàdàn wá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ lásán lẹ máa fi rìn lórí òkúta.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ Shiva. Ẹni tó bá fẹ́ rí èrò kó lọ lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí omi ṣe ń kán kó lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù lọ́dún ni Mahashivratri, òru ńlá Shiva, tó máa ń bọ́ sí oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ti ọdún 2026 bọ́ sí 15 February. Ìlà àwọn tó ń dúró de àtiwọlé lọ́jọ́ náà á gùn kọjá ojú títì. Oṣù kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Sawan, láàárín oṣù keje sí ìkẹjọ, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó wọ aṣọ olómi ọsàn máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Haridwar, ìlú mímọ́ kan létí odò Ganga, tí wọ́n á fi igi kọ́ omi odò Ganga léjìká lọ da sórí òkúta Shiva nílùú wọn. Ó wuni wò. Àmọ́ ọ̀nà Delhi sí Haridwar á dí pa, ìgbà òjò náà sì nìyẹn.

Dídé ibẹ̀

Láti Delhi dé Dehradun tó nǹkan bíi 250 kìlómítà. Bọ́ọ̀sì ń lọ láti gáréèjì Kashmere Gate tọ̀sán-tòru. Èmi fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin. Shatabdi máa ń kúrò ní New Delhi ní kùtùkùtù, á lò tó wákàtí mẹ́fà. Vande Bharat, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ń lọ láti Anand Vihar, kò sì tó wákàtí márùn-ún. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ọkọ̀ òfurufú wà pẹ̀lú, àmọ́ pápákọ̀ ibẹ̀, Jolly Grant, jìnnà sí ìlú.

Ní Dehradun, gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń ti Ghanta Ghar kà, ilé aago tó wà láàárín ìlú. Láti ibẹ̀ dé tẹ́ḿpìlì tó kìlómítà 6, ní àdúgbò Garhi Cantt. Ọkọ̀ akérò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń pè ní Vikram, bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá tó tóbi díẹ̀, ó ń gbé èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní “Tapkeshwar mandir”, wọ́n á sọ ibi tí ẹ máa ti wọ òmíràn. Tí ẹ bá fẹ́ dá kẹ̀kẹ́ gbà, ẹ pe ọkọ̀ lórí fóònù kí ẹ lè mọ iye rẹ̀. Èmi ò pè é. Mo ná an lójú títì, ẹni tó gbé mi sì gba ìlọ́po mẹ́ta owó tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń san. Ọmọ náà ń fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilé.

Bárékè ológun ni Garhi Cantt. Ẹ má na fóònù síta fèrèsé ọkọ̀ láti ya géètì tàbí sójà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò títí ẹ ó fi dé tẹ́ḿpìlì.

Aṣọ

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Mahanirvani Akhara kéde pé ẹni tó bá wọ aṣọ péńpé kò gbọdọ̀ wọ tẹ́ḿpìlì mẹ́ta kan ní Uttarakhand: ti Daksh ní Haridwar, ti Neelkanth ní Rishikesh, àti Tapkeshwar yìí. Wọ́n ní ìdá 80 nínú 100 ara ló yẹ kó bò. Àwọn obìnrin ni ìkéde náà dojú kọ jù, àmọ́ mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n yà sápá kan. Ìró àti bùbá ò ní wàhálà kankan níbẹ̀. Ṣòkòtò gígùn pẹ̀lú ẹ̀wù tó bo èjìká ti tó fún ọkùnrin. Kí ẹ̀yin obìnrin mú ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dání. Bẹ́líìtì àti pọ́ọ̀sì aláwọ, ẹ fi wọ́n sílé, nítorí ohun mímọ́ ni màlúù lójú wọn.

Bàtà ni kí ẹ rò dáadáa. Ẹ má wọ oníokùn. Sílípáàsì tí ẹ lè bọ́ láìbẹ̀rẹ̀ ló dáa jù, torí ẹ ó bọ́ ọ lókè, ẹ ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ìsàlẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ nítorí òtútù. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, ìbọ̀sẹ̀ tó bá ti rin lórí òkúta dídán dà bí ọṣẹ. Ẹ bọ́ ọ.

Láti òkè dé ìsàlẹ̀

Òkè ni ọkọ̀ ń já yín sí, odò sì wà nísàlẹ̀ àfonífojì, nítorí náà àtẹ̀gùn ni gbogbo ọ̀nà. Àwọn ìsọ̀ tò lápá méjèèjì: òdòdó òféèfèé tí wọ́n so bí ìlẹ̀kẹ̀, àgbọn, tùràrí, wàrà nínú ife kékeré, ewé bel tó ní orí mẹ́ta lórí igi kan. Ẹni tó ń ta nǹkan ìrúbọ sábà máa ń bá yín tọ́jú bàtà bí ẹ bá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá rà, ibi ìtọ́jú bàtà wà. Ẹ wo àmì ìsọ̀ náà dáadáa kí ẹ tó kúrò, nítorí gbogbo wọn jọra.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó máa ràn yín lọ́wọ́: “bhaiya” ni ẹ máa pe ọkùnrin, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n, “didi” ni ẹ máa pe obìnrin, àlùfáà sì ni “pandit ji”. “Ji” yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí “ẹ” ń ṣe fún wa. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò, ojú rẹ̀ á tutù. “Kitna?” ni èló.

Bí ẹ bá gba agogo kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rí i tí oníkálukú ń nawọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè lù ú, ẹ sì lè kọjá. Kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ère ńlá Hanuman, òrìṣà tó ní ojú ọ̀bọ, wà níta lápá odò, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ya fọ́tò jù.

Nínú ihò

Ẹ tẹ orí ba kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ nìkan. Àpáta ibẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo ga díẹ̀, mo sì fi iwájú orí mi mọ̀ ọ́n.

Tí ìlà bá gbé yín dé iwájú, ẹ má sáré. Ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá kéré, ó sì rọrùn kéèyàn má rí i. Ẹ gbójú sókè sí ikùn àpáta tó wà lókè òkúta Shiva. Ẹ ó rí ibi tó dúdú, tó ń dán. Omi á kó ara rẹ̀ jọ síbẹ̀, á wú, á gùn, á rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ já. Lẹ́yìn náà ni yóò já. Yóò bọ́ sórí òkúta tí ewé bel kan lẹ̀ mọ́, yóò tú ká, yóò ṣàn yí òkúta náà lọ sínú ojú ìṣàn kékeré tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òmíràn ti ń kó ara jọ lókè. Omi òjò tí ilẹ̀ orí àpáta fà mu ló ń yọ́ gba ojú sísán wá bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́. Mo ka mẹ́tàdínlógún kí ẹni ẹ̀yìn mi tó fi ìgúnpá bá mi sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bí àwọn onílé ti ń ṣe: ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa fi gbé ife omi, ẹ dà á tín-ínrín láìdáwọ́ dúró, kì í ṣe gbà-á lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé bel, ojú rẹ̀ tó ń dán ni wọ́n ń dà bo òkúta. Wọn kì í fún Shiva ní ewé tulsi tàbí òdòdó ketaki, nítorí náà ẹ má já òdòdó kankan lọ́nà mú wá. Wàrà, ìwọ̀nba. “Om Namah Shivaya” ni wọ́n máa ń wí, ìkíni sí Shiva ni, ẹ lè dákẹ́ tiyín.

Ohun kan tí mo rí i pé àlejò máa ń ṣì ṣe ni yíyí òkúta ká. Níbi tí àyè bá wà, apá ọ̀tún yín ni òkúta Shiva gbọ́dọ̀ wà bí ẹ ti ń yí i. Àmọ́ ẹ kò ní yí i tán. Tí ẹ bá dé ojú ìṣàn tí omi rẹ̀ ń gbà jáde, ẹ má dá a kọjá, ẹ padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni màlúù òkúta tí wọ́n ń pè ní Nandi, tó máa ń kọjú sí Shiva nínú ilé rẹ̀: ẹ má gba àárín àwọn méjèèjì kọjá. Ọ̀rọ̀ ló ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ.

Òkúta Shiva mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ rudraksha bò. Ihò tóóró kan tún wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Vaishno Devi, abo òrìṣà kan, tí èèyàn máa fún ara rẹ̀ pọ̀ kó tó lè là á kọjá. Ẹni tó sanra, tàbí ẹni tí ibi fífún máa ń já láyà, kó yẹra fún un, torí kò sí yíyí padà bí ẹlòmíràn bá ti wà lẹ́yìn yín.

Bí ẹ bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi mí nìyí. Mo bá àwọn èèyàn oríṣiríṣi níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ẹ̀sìn mi. Síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kan ti lẹ pátákó mọ́ iwájú àwọn tẹ́ḿpìlì kan ní Dehradun ní ọdún 2021 pé ẹni tí kì í ṣe Híńdù kò gbọdọ̀ wọlé. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lọ, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Odò wà níta, ẹ jókòó síbẹ̀.

Bí ẹ bá wọlé, wíwò kì í ṣe sísìn. Ẹ dúró sápá kan kí àwọn olùsìn lè rí àyè. Ẹ má dojú ẹsẹ̀ yín kọ òkúta Shiva bí ẹ bá jókòó. Àlùfáà lè fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ tàbí ìka tẹ nǹkan pupa sí yín níwájú orí, tàbí kó so okùn mọ́ yín lọ́rùn ọwọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ẹ tẹrí ba díẹ̀ kó tó na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ yín. Ó yé wọn. Èyí tí kò dáa ni kí ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ wá máa nù ún lójú rẹ̀.

Prasad ńkọ́? Ìyẹn ni oúnjẹ tí wọ́n ti gbé síwájú Shiva tí wọ́n wá ń pín: ṣúgà wóróbo, àgbọn, nígbà míì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á láàyè láti jẹ ẹ́, kó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, kó fún ẹlòmíràn tó wá sìn. Ẹ má jù ú sílẹ̀. Ó burú lójú wọn ju kíkọ̀ ọ́ lọ.

Nǹkan oṣù àwọn obìnrin: gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ kì í wọ ibi òkúta. Kò sẹ́ni tó ń béèrè, ẹ̀yin lẹ máa pinnu.

Owó: àpótí wà, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ jù sínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun fẹ́ ṣe àdúrà pàtàkì fún yín, ẹ béèrè iye owó rẹ̀ kó tó la ẹnu.

Ọ̀bọ, àti etí odò

Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ mọ ọ̀rá. Bí ọ̀rá bá ti ń dún lọ́wọ́ yín, oúnjẹ ni lójú wọn. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin, mo mú un lọ́wọ́ láìfi pamọ́, ìyá ọ̀bọ kan tó gbé ọmọ sáyà sì gbà á ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó wá gbowó orí. Ẹ fi oúnjẹ sínú àpò tó ní síìpù. Ẹ má wò wọ́n lójú, ẹ má fi eyín hàn wọ́n, torí ìjà ni ẹ̀rín yẹn lójú wọn. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ tàbí ya á lẹ́èékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò bí omi bá mọ́. Ẹ wá òkúta tó gbẹ, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó tutù. Ẹni tó bá ti dé Òṣun Òṣogbo lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mò ń sọ, àyàfi pé níbí, agogo á máa dún látòkè. Ẹ má bu omi náà mu.

Gígun àtẹ̀gùn padà ló ń gbà èèyàn lágbára, kí ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn fi ìṣẹ́jú méjì méjì simi. Tíì onímílíìkì wà lókè, wọ́n máa ń fi atalẹ̀ sí i.

Bí ọjọ́ bá ṣẹ́kù, ẹ tún wọ ọkọ̀ lọ sí Guchhupani, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Robber's Cave, ní ẹ̀yìn ìlú Dehradun kan náà. Kì í ṣe tẹ́ḿpìlì. Níbẹ̀, odò fúnra rẹ̀ ló ń gba inú àpáta kọjá, bíi 600 mítà, inú omi náà sì lẹ máa rìn. Wọ́n ń háyà sílípáàsì rọ́bà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ yẹ okùn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, torí èyí tí wọ́n fún mi já láàárín omi, ó sì bá odò lọ.